Káàdì búlúù nìkan ò tó o, kọ lẹ́tà

Àbúrò mi, mo ka ọ̀rọ̀ ẹ, pé ẹ̀ ń gbé ní àpátímẹ́ǹtì ní Houston, Texas níbí, pé màmá ò lè rìn jìnnà látìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti ṣe wọ́n, pé àyè àwọn akàndá kún lálẹ́ Jímọ́ọ̀ ẹ wá páàkì síbi tí àwọn fìsítọ̀ ń páàkì, kílẹ̀ tó mọ́ wọ́n ti wọ́ mọ́tò lọ, tí máníjà ilé sì ní káàdì búlúù tí ìjọba ń fún àwọn akàndá láti fi páàkì, tó wà lára díńgí mọ́tò yín, ò kan òun. Ó dùn mí gan-an ni. Irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí mi.

Rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ló mú èmi ní Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta, ẹsẹ̀ mi méjèèjì ò lágbára, ọwọ́ ni mo fi ń tẹná tí mo sì fi ń tẹ bíréèkì. Ní 2019 mo ti ibi iṣẹ́ dé lóru, òjò ń rọ̀, àyè akàndá méjì péré ló wà nílé tí mò ń gbé nígbà yẹn, píkọ́ọ̀pù ńlá kan tí ò ní káàdì kankan ti gba ọ̀kan, ẹlòmíì tó ní káàdì wà nínú ìkejì. Mo bá páàkì sí àyè onínọ́ńbà tó jẹ́ ti aládùúgbò mi kan, mo ní màá tètè gbé e kúrò láàárọ̀, mo fi ọ̀pá mi méjèèjì wọlé. Ìgbà tí mo jáde ní aago márùn-ún ìdájí, mi ò rí mọ́tò mọ́, kẹ̀kẹ́ arọ mi sì wà nínú bùútù. Mo rò pé olè ni. Ọlọ́pàá tí mo pè ló sọ fún mi pé wọ́n ti wọ́ ọ lọ, pé yáàdì tí wọ́n ń kó irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ sí ló wà. Owó tí mo san kí n tó rí i gbà lé ní $250, mi ò sì lè lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn.

Mo pe àwọn tó wọ́ mọ́tò mi lẹ́jọ́, mo sì fìdí rẹmi. Ohun tí adájọ́ fẹ́ mọ̀ ni bóyá bọ́ọ̀dù ìkìlọ̀ pé wọ́n lè wọ́ mọ́tò wà lẹ́nu ọ̀nà tí mọ́tò ń gbà wọlé, àti bóyá èmi ni mo ni àyè tí mo páàkì sí. Bọ́ọ̀dù wà, èmi kọ́ ni mo sì ni àyè. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé káàdì búlúù kàn fún wa láṣẹ láti páàkì síbi tí wọ́n ya àwòrán kẹ̀kẹ́ arọ sí ni, kò sọ àyè kankan di tiwa, tá a bá sì páàkì síbòmíì kò lè gbà wá lọ́wọ́ àwọn tó ń wọ́ mọ́tò.

Àwọn èèyàn á máa sọ fún ẹ pé ADA, ADA, ìyẹn òfin Amẹ́ríkà tó ń gbèjà àwọn akàndá. Èmi náà gbé e lọ bá máníjà mi, lọ́yà wọn ní ọ́fíìsì tí àwọn ará ìta ń wọ̀ ni òfin yẹn mú, kò mú ibi tí ayálégbé ń páàkì sí, òótọ́ ló sì sọ. Fair Housing Act, òfin tí ò jẹ́ kí onílé ṣe ojúsàájú sí ayálégbé, ni òfin tiwa, 1968 ni wọ́n ṣe é, 1988 ni wọ́n wá fi àwa akàndá kún un. Kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé reasonable accommodation lò ń bèèrè fún màmá, ìyẹn ni pé kí wọ́n yí òfin ilé wọn díẹ̀ kí màmá lè gbé ibẹ̀ bí àwọn tó kù. Ohun tó o fẹ́ ni àyè kan tó sún mọ́ ilẹ̀kùn yín, tí wọ́n kọ nọ́ńbà ilé yín sí. Tí wọ́n bá ní ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ń páàkì, àwíjàre kọ́ nìyẹn, kóòtù ìjọba àpapọ̀ ti dá irú ẹjọ́ yẹn ní 1995, ẹjọ́ ilé kan tó ń jẹ́ Cadman Towers ní Brooklyn, New York, obìnrin tó ń ṣàìsàn ni wọ́n dá láre. Máníjà tèmi ní kí n máa san $40 lóṣù tí mo bá fẹ́ àyè tèmi. Kò tọ́, wọn ò gbọdọ̀ gba kọ́bọ̀ lé e.

Ìmeèlì ni kó o fi ránṣẹ́ kó o tún tẹ̀ ẹ́ sórí pépà, kọ déètì sí i, má ṣe fẹnu sọ fún wọn nìkan torí ọdún kan gbáko ni mo fi fẹnu sọ tèmi tí wọ́n sì ní àwọn ò gbọ́ ọ rí. Tí wọ́n bá ní kó o mú ẹ̀rí wá, kí dọ́kítà kọ ìlà méjì pé màmá ò lè rìn jìnnà, pé wọ́n nílò àyè tó sún mọ́lé, ó ti tó, wọn ò lẹ́tọ̀ọ́ láti wo fáìlì ọsibítù màmá. Tí wọ́n bá kọ̀ tàbí tí wọ́n dákẹ́, fi wọ́n sun HUD, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilé gbígbé, ọ̀fẹ́ ni, ọdún kan lo ní láti ọjọ́ tí wọ́n kọ̀. Lẹ́yìn tí mo ṣe tèmi, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ò pé tí wọ́n fi ya nọ́ńbà mi sílẹ̀. Rẹ́ǹtì ńkọ́, máa san án o, má dá a dúró nítorí ìbínú, ohun tí wọ́n máa fi lé yín jáde nìyẹn.

Mọ́tò tó wà ní yáàdì báyìí, ẹ yáa lọ gbà á torí ojoojúmọ́ lowó ń lé e, kẹ́ ẹ tọ́jú rìsíìtì. Lẹ́yìn náà kó o lọ pẹjọ́ ní Justice Court, kóòtù kékeré tó wà fún àdúgbò tí wọ́n ti wọ́ ọ, ọjọ́ 14 péré lòfin Texas fún ẹ, Sátidé àti Sọ́ńdè àti ọlidé ò sí nínú ẹ̀, $20 ni mo san nígbà tèmi. Ya fọ́tò gbogbo ẹnu ọ̀nà ilé yẹn, tí bọ́ọ̀dù ò bá sí níbì kan ẹjọ́ yín lágbára ju tèmi lọ. Tún wo àgírímẹ́ǹtì yín bóyá wọ́n fún yín ní òfin páàkì wọn kẹ́ ẹ tó sáìn, òfin ní kí wọ́n fún yín.

Tó o bá kọ lẹ́tà yẹn tán, fi hàn mí kí n bá ẹ kà á kó o tó fi ránṣẹ́. Bá mi kí màmá.