Páúdà tó ń mú ọpọlọ jí: ṣé kí n gún ewé rẹ̀ fún ọmọ mi?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ọmọ mi ń kàwé ní Yunifásítì Ifẹ̀. Nígbà tó wálé, mo bá ike páúdà kékeré kan nínú báàgì rẹ̀. Ó ní 7,8-DHF ni, pé ó ń mú ọpọlọ jí, pé orí íntánẹ́ẹ̀tì lòun ti rà á. Ó tún ní ó wà nínú ewé kan tí a fi ń bọ́ ehoro nílẹ̀ wa níbí. Ṣé kí n kúkú máa gún ewé yẹn fún un, kó yé náwó? (Ìyá akẹ́kọ̀ọ́, Iléṣà)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ìyá wa. Ẹ má gún un, kí ọmọ náà sì fi páúdà yẹn sílẹ̀ ná.

Kò parọ́ nípa ewé o. Tridax procumbens ló ń sọ, koríko onírun wẹ́wẹ́ tí òdòdó rẹ̀ máa ń dá dúró lórí ọ̀pá tín-ín-rín, àárín rẹ̀ láwọ̀ ìyeyè, etí rẹ̀ funfun. Ẹ̀bá ọ̀nà ní Ifẹ̀ níbí kún fún un. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n rọ sínú ike kì í ṣe ara ewé ni wọ́n ti fún un, àwọn oníkẹ́míkà ló ń ṣe é. Ewé tí ẹ bá gún kò ní ìwọ̀n kankan tí ẹ lè dì mú, ẹ ò sì mọ ẹni tó ti fín oògùn apakoríko sí i.

Ọ̀rọ̀ ọpọlọ ló gùn. Purotéènì kan wà nínú ọpọlọ wa tó ń jẹ́ BDNF. Òun ni kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ tètè kú, òun náà ló ń ràn wọ́n lọ́wọ́ láti so mọ́ra nígbà tí èèyàn bá ń kọ́ nǹkan. Ká ní kọ́kọ́rọ́ ni, àgádágodo tó ń ṣí lára sẹ́ẹ̀lì ni TrkB. Ó wu àwọn oníṣègùn kí wọ́n fi BDNF ṣe oògùn, àmọ́ ó tóbi jù láti gba inú ẹ̀jẹ̀ wọ ọpọlọ. Ní 2010, Keqiang Ye àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Emory, ní Amẹ́ríkà, kéde pé 7,8-DHF, tó kéré jù ú lọ fíìfíì, lè ṣí àgádágodo náà. Lẹ́yìn ìyẹn, nígbà tí wọ́n fún àwọn eku tí wọ́n ti sọ di onígbàgbé ní 7,8-DHF, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rántí nǹkan. Ibẹ̀ ni ariwo ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn tó ń tà á kì í sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ní 2017, àwọn onímọ̀ mìíràn dán an wò lórí sẹ́ẹ̀lì, wọ́n sì gbé àbájáde wọn jáde nínú Science Signaling, ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. BDNF ṣí TrkB, 7,8-DHF ò ṣí i. Mi ò ní irọ́ làwọn ti Emory pa o. Bóyá ọ̀nà mìíràn ló gbà ran àwọn eku wọ̀nyẹn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó fi í ṣiṣẹ́ ṣe ò tíì fẹnu kò, ọmọ yín ti ń lá a.

Gbígbé e mì náà tún níṣòro tirẹ̀. Lára eku, nǹkan bí ìdá 5 nínú 100 péré ló ń dé inú ẹ̀jẹ̀, nítorí ara tètè máa ń yí i padà. Ní 2018, ẹgbẹ́ Ye kan náà gbé òmíràn jáde, R13, nítorí ìṣòro yìí. Ìyẹn ni pé àwọn tó ṣàwárí rẹ̀ gan-an gbà pé ó kù díẹ̀ káàtó.

Bó bá wá ṣiṣẹ́ ńkọ́? Èyí ló ń kọ mí lóminú jù. TrkB yìí náà wà nídìí ọ̀rọ̀ wárápá: nígbà tí àwọn onímọ̀ mú un kúrò lára àwọn eku kan, wárápá tí wọ́n ń gbìyànjú láti dá sí wọn lára kọ̀, kò wá. Ta ni yóò wá máa ru irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sókè lójoojúmọ́ nínú ọpọlọ ọmọ tó ń múra ìdánwò? Ẹ wo ara ike náà dáadáa. Wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé fún ìwádìí nìkan ni, kì í ṣe fún jíjẹ. Ẹ wá nọ́ńbà NAFDAC lára rẹ̀ náà. Mi ò rò pé ẹ máa rí i.

Bó bá jẹ́ BDNF ló ń wá, kó máa rìn. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2011, wọ́n kó 120 àgbàlagbà jọ. Àwọn kan ń fi ogójì ìṣẹ́jú rìn lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ fún ọdún kan, àwọn yòókù kàn ń nara. Apá ọpọlọ tó wà fún ìrántí fi ìdá 2 nínú 100 tóbi sí i lára àwọn tó ń rìn, ti àwọn tó ń nara sì dínkù. Àgbàlagbà ni wọ́n lóòótọ́, wọn kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n èèyàn ni wọ́n, wọn kì í ṣe eku.

Ẹ fẹ̀sọ̀ bá a sọ̀rọ̀ o, torí ọmọ tí wọ́n bá jágbe mọ́ á kàn lọ fi èyí tó kù pamọ́ ni. Ẹ bi í bóyá ó ń fi tramadol tàbí àwọn ohun mímu amáragbóná kún un, kí ẹ sì bi í iye wákàtí tó ń sùn. Bí oorun ò bá kùn ún mọ́, tàbí tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, tàbí tí ara rẹ̀ ń já pàkìpàkì, ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn Wesley Guild níbẹ̀ ní Iléṣà. Ẹ mú ike náà dání. Dókítà á fẹ́ ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára.