Àwòrán inú gíláàsì lè rẹwà kó má sì bá orí aláìsàn mu

Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Ẹ ní àwọn tó ń ta gíláàsì augmented reality (èyí tó ń gbé àwòrán inú ara lé orí ohun tí ojú ń rí) ti wá fi ọjà wọn hàn yín, ẹ sì fẹ́ mọ̀ bóyá síkáànù CT tí aláìsàn yín ti ṣe sílẹ̀, tí ìpele àwòrán kọ̀ọ̀kan rẹ̀ nípọn tó mìlímítà 5, tó láti fi yọ kókó inú ọpọlọ. Kò tó o. Kí ìpele kọ̀ọ̀kan jẹ́ mìlímítà 1 tàbí kó tín-ín-rín jù bẹ́ẹ̀, láìsí àlàfo, kí òrùka ẹ̀rọ má dagun, kí imú àti etí méjèèjì hàn nínú rẹ̀. Ìyẹn ò le, àwọn tó ń ya síkáànù mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ibi tí wàhálà wà ni mímú àwòrán bá orí aláìsàn mu, ibẹ̀ gan-an sì ni àwọn onímọ̀ tó ń ṣàfihàn máa ń fò kọjá. Wọ́n á gbé orí oníke sórí tábìlì, orí tí awọ rẹ̀ kì í sún, wọ́n á ní ó péye. Ó máa ń bí mi nínú gan-an ni.

Àmì tí a ń lẹ̀ mọ́ awọ orí ṣáájú síkáànù ni ẹ̀rọ fi ń mú àwòrán bá orí mu. Mẹ́ta ló kéré jù kí ìṣirò tó lè jáde, ṣùgbọ́n ẹ lẹ mẹ́fà sí mẹ́wàá. Ẹ má tò wọ́n sórí ìlà kan, ẹ má sì kó wọn jọ síwájú orí nìkan torí pé ibẹ̀ rọrùn. Kí wọ́n yí ibi tí kókó wà ká. Ẹ fi ìnkì fa òbìrípo yí ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan ká, kí ẹ lè mọ èyí tó bá yẹ̀. Irin tó ń di orí mú máa ń fa awọ, nítorí náà ẹ má ka àmì tó bá sún mọ́ ẹnu irin náà.

Lẹ́yìn náà, ẹ̀rọ á gbé nọ́ńbà kan jáde, bíi mìlímítà 0.8. Nọ́ńbà yìí ti tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Bí àwọn àmì ṣe bára mu ló ń sọ. Kò mọ nǹkan kan nípa ibi tí ọ̀bẹ yín máa dé nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Ẹ fi ẹnu ọ̀pá ìtọ́ka kan ibi tí egungun imú ti pàdé iwájú orí, ẹ kan igun ojú lápá òde, ẹ kan ẹran kékeré tó wà níwájú ihò etí, lọ́tùn-ún lósì. Bí ìyàtọ̀ bá ju mìlímítà 2 lọ, ẹ tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kán yín lójú. Ìgbà tí wọ́n bá ń taṣọ bo aláìsàn ni ìgbọ̀nwọ́ máa ń kọlu férémù tí kámẹ́rà ń wò láti mọ ibi tí orí wà, ojú á sì ti wà lábẹ́ aṣọ nígbà náà. Nítorí náà, kí ẹ tó ṣí agbárí, ẹ fi díríìlì dá ihò wẹ́wẹ́ mẹ́rin sára egungun yí ibẹ̀ ká, ẹ gba ipò wọn sílẹ̀, kí ẹ máa padà kàn wọ́n.

Tí ẹ bá ti la awọ tó bo ọpọlọ, omi á tú, ọpọlọ á rì. Ó lè yẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 1 lọ, gíláàsì ò sì ní mọ̀. Ẹ fi gíláàsì yan ibi tí ẹ máa la awọ orí àti ibi tí ẹ máa ṣí egungun. Tó bá kan etí kókó, ultrasound, ẹ̀rọ tó ń fi ìró ya àwòrán inú ara lójú ẹsẹ̀, ni kí ẹ gbà gbọ́. Kì í ṣe èèṣì pé iṣẹ́ abẹ ọ̀pá ẹ̀yìn ni FDA, àjọ tó ń rí sí oògùn àti ohun èlò ìwòsàn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí xvision, ọ̀kan lára irú gíláàsì yìí, fún ní ọdún 2019: egungun kì í rì. Síbẹ̀, ẹni tó fẹ̀yìn lélẹ̀ nínú síkáànù, tó wá dojú bolẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀ lọ́nà mìíràn.

Ọ̀rọ̀ ojú náà wà níbẹ̀. Bíi mítà 2 ni HoloLens 2, gíláàsì ti Microsoft, gbé àwòrán rẹ̀ sí fún ojú, ọwọ́ yín sì wà ní bíi ìdajì mítà. Ojú ò lè rí méjèèjì kedere lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ rọra gbé orí sọ́tùn-ún sósì: bí ìlà náà bá ń yọ̀ kiri lórí awọ, jíjìn rẹ̀ ti yàtọ̀. Kí olúkúlùkù ṣètò ojú tirẹ̀ kó tó wọ̀ ọ́, ẹ má pààrọ̀ rẹ̀ láàárín iṣẹ́.

Ẹ bi àwọn tó ń tà á léèrè irú gíláàsì tó jẹ́ gan-an. Microsoft ti dáwọ́ ṣíṣe HoloLens 2 dúró ní ọdún 2024; kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ta ló máa pèsè òmíràn tí èyí bá bàjẹ́.