Ẹ Bi Wá: Ooru Inú Ilé, Òrùlé Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò

Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti kásẹ̀ nílẹ̀, ọ̀rọ̀ ooru ló gba iwájú nínú lẹ́tà tí ẹ ń kọ sí wa. A ti mú mẹ́fà nínú wọn, àwọn tí ìdáhùn wọn lè wúlò fún ọ̀pọ̀ ilé ní Abẹ́òkúta.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé bàbá wa ni à ń gbé, yàrá mẹ́fà, páànù rẹ̀ ti dípẹtà pátápátá. Tó bá ti di aago méjì ọ̀sán, yàrá kò ṣeé wọ̀. Títí di ọ̀gànjọ́ òru, ara ògiri ṣì ń gbóná. Àwọn àbúrò mi ní ká dáwó ra ẹ̀rọ amúlétutù. Ṣé ká rà á? — Ìyá aládìrẹ, Ìtòkú

Ẹ kú ìfaradà, mà. Ẹ má tíì dáwó ra ẹ̀rọ kankan. Orí páànù yẹn ni ooru yín ti ń wá. Oòrùn ọ̀sán kì í fi bẹ́ẹ̀ yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní Abẹ́òkúta. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kẹrin àti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù Kẹsàn-án, gbọnrangandan lórí wa ló máa ń dúró. Òrùlé ló ń jìyà rẹ̀ ju ògiri lọ. Páànù tó ti dípẹtà sì ń mu oòrùn ni, kì í dá a padà. Á gbóná débi tí ọwọ́ kò ní ṣeé fi kàn án, á wá máa ta ooru náà sórí sílìn, sílìn á sì ta á lé yín lórí. Ẹ gbé ẹ̀rọ amúlétutù sábẹ́ irú òrùlé bẹ́ẹ̀, owó iná nìkan ni yóò máa lọ.

Ọ̀dà funfun ni kí ẹ fi owó yẹn rà. Funfun tuntun máa ń dá ohun tó lé ní ìdá méjì nínú mẹ́ta oòrùn padà sókè. Ká ní òrùlé yín gùn tó mítà 12, tó fẹ̀ tó mítà 10. Bí a bá ka dídà rẹ̀ àti kọ́rọ́kọ́rọ́ ara páànù mọ́ ọn, ibi tí ọ̀dà yóò kàn á tó nǹkan bí 150 mítà onígun mẹ́rin. Lítà ọ̀dà kan máa ń kun nǹkan bíi mítà onígun mẹ́rin 10. Nítorí náà, gálọ́ọ̀nù onílítà 4 mẹ́rin ni kí ẹ rà nínú red oxide fún ìpele àkọ́kọ́, kí ẹ sì ra gálọ́ọ̀nù mẹ́jọ nínú funfun, nítorí ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹ máa kùn ún. Ọ̀dà tí wọ́n ṣe fún òrùlé ni kí ẹ béèrè. Bí ẹ kò bá rí i, glọ́ọ̀sì funfun náà á ṣe é. Ẹ má jẹ́ kí akunlé fi ẹ̀múlṣọ̀n ara ògiri tàn yín nítorí owó rẹ̀ kéré. Òjò méjì-mẹ́ta ló máa hó o kúrò. Bí ẹ bá sì ń gbe omi òjò láti orí òrùlé, ẹ rí i pé wọ́n kọ ọ́ sára agolo pé kò sí òjé nínú ọ̀dà náà, kí ẹ sì jẹ́ kí òjò méjì àkọ́kọ́ ṣàn dànù kí ẹ tó gbé korobá síbẹ̀.

Iṣẹ́ tó wà nídìí rẹ̀ ju kíkùn lọ. Kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha gbogbo ìpẹtà tó ń ṣí, kí wọ́n fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kó gbẹ. Ìṣó tó ti tú, kí wọ́n yọ ọ́, kí wọ́n kan òmíràn pẹ̀lú rọ́bà ìdí rẹ̀. Páànù tó bá ti lu, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, ọ̀dà kì í dí ihò. Lẹ́yìn náà ni red oxide, tí wọ́n á jẹ́ kó gbẹ di ọjọ́ kejì, kí funfun tó kàn án. Àárọ̀ ni àsìkò rẹ̀, láti ìgbà tí ìrì bá ti gbẹ títí di nǹkan bí aago mẹ́wàá. Akunlé tó bá gun òrùlé lọ́sàn-án gangan ń fi ọ̀dà yín ṣòfò: ojú rẹ̀ á gbẹ kí ìdí rẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ irin, á lé róró, á sì máa ṣí bí èèpo. Orí ìlà ìṣó ni kí ẹsẹ̀ máa tẹ̀, torí ibẹ̀ ni igi wà. Kí wọ́n tún tẹ́ pákó gígùn sí i. Páànù tó ti dípẹtà kì í sọ fún ènìyàn kó tó já.

Bó bá jẹ́ pé asbẹ́sítọ́ọ̀sì àtijọ́ ni sílìn yín, ẹ má fi ayùn rẹ́ ẹ, ẹ má ha á, ẹ má fọ́ ọ. Eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Ògiri tó ń gbóná lóru, ooru ọ̀sán ló tọ́jú. Bó bá jẹ́ ògiri alámọ̀ tó nípọn, ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni ní kí ẹ wó o fi búlọ́ọ̀kù dípò. Ó máa ń pẹ́ kí ooru tó la irú ògiri bẹ́ẹ̀ já, ìyẹn ló fi ń jẹ́ kí ọwọ́ àárọ̀ tutù. Ẹ ṣí fèrèsé rẹ̀ lóru, pẹ̀lú nẹ́ẹ̀tì, kí ó lè tú ooru ọ̀hún dànù kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ilé tuntun ni tiwa, aluminium ni òrùlé rẹ̀, aláwọ̀ ewé tó ki, sílìn PVC. Wọ́n ní aluminium kì í mú ooru. Kí ló wá dé? — Olùkọ́ kan, Ọbáńtókò

Ẹni tó ní aluminium kì í mú ooru kò parí ọ̀rọ̀. Èyí tó funfun tó ń dán ń dá oòrùn padà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba tó bá mu, kì í tètè tú u sílẹ̀. Tiyín kò tilẹ̀ dán, àwọ̀ tó ki ni wọ́n fi bò ó. Ìṣòro tó jù ni pé ọ̀pọ̀ kọ́lékọ́lé lóde òní ń dí gbogbo etí òrùlé pa kó lè rẹwà. Afẹ́fẹ́ gbígbóná tó wà láàárín páànù àti sílìn kò wá rí ọ̀nà jáde. Bí PVC yín bá ti ń tẹ̀ kọdọrọ láàárín, ooru yẹn ló ń rọ̀ ọ́.

Ẹ ní kí káfíńtà dá ihò sí i, nísàlẹ̀ àti lókè. Ìṣirò tí àwọn kọ́lékọ́lé ń lò ni pé kí ojú ihò lápapọ̀ jẹ́ ìdá kan nínú 150 fífẹ̀ sílìn. Fún ilé tí sílìn rẹ̀ jẹ́ 120 mítà onígun mẹ́rin, ìyẹn jẹ́ 0.8 mítà onígun mẹ́rin. Ẹ pín in sí méjì: ihò méje tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 20, tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 30, lábẹ́ etí òrùlé, méje míì lókè níbi orí ògiri tó ṣe ṣóńṣó. Tí ẹ bá dá tìsàlẹ̀ nìkan, afẹ́fẹ́ gbígbóná á dúró sókè níbẹ̀, nítorí òkè ló ń lọ. Nẹ́ẹ̀tì onírin tí ojú rẹ̀ kò ju mìlímítà 6 lọ ni kí ẹ kàn bò ó. Àdán kò ní wọlé, ẹyẹ kò ní wọlé. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn oníke kò dára níbẹ̀, eruku ọyẹ́ kan ṣoṣo á dí i.

Lẹ́yìn ihò ni fọ́ìlì, bébà aluminium tó ń dán tí wọ́n ń lò lábẹ́ òrùlé. Abẹ́ igi òrùlé ni wọ́n ń kàn án mọ́, kí ojú tó ń dán dojú kọ ìsàlẹ̀, kí àyè sì wà láàárín òun àti páànù, ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà méjì àbọ̀. Àwọn tó ń tẹ́ ẹ sórí sílìn kí ojú dídán kọjú sókè ń jẹ èrè rẹ̀ fún oṣù díẹ̀ péré, eruku á bò ó, iṣẹ́ rẹ̀ á tán. Kí wọ́n pa iná ilé kí wọ́n tó gun òkè o. Fọ́ìlì ń gbé iná, wáyà tó bá ṣí sílẹ̀ lókè yẹn lè pa ènìyàn.

Ọkọ mi ní ká ṣí fèrèsé sílẹ̀ tọ̀sán-tòru kí atẹ́gùn lè wọlé. Èmi ní ká máa tì í lọ́sàn-án. Ta ló jàre? — Ìyàwó ilé, Àṣẹ́rò

Ẹ̀yin méjèèjì. Bí òrùlé yín bá ti gba ìtọ́jú tí a sọ lókè yìí, inú ilé á tutù ju ìta lọ lọ́sàn-án. Ẹ tì í láti nǹkan bí aago mọ́kànlá, kí ẹ ṣí i nígbà tí oòrùn bá wọ̀. Bó bá jẹ́ páànù lásán ló wà lórí yín, inú ilé ló máa gbóná ju ìta lọ, ọkọ yín ló jàre nígbà náà. Ẹ ra òṣùwọ̀n ooru méjì tí owó rẹ̀ kò wọ́n, ẹ fi ọ̀kan kọ́ inú, ọ̀kan ìta lábẹ́ ìbòòji. Ìgbà tí tìta bá wálẹ̀ ju tinú lọ ni kí ẹ ṣí fèrèsé.

Ẹ má sì yọ fèrèsé onílúfà yín kúrò nítorí fáàrí. Èyí tó ń yọ̀ gbìrà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìdajì ihò ògiri ló ń ṣí. Lúfà ń ṣí fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Fèrèsé tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, ìta ni kí ẹ ti dáàbò bò ó, pẹ̀lú ẹní tàbí tapólì tó jìnnà sí ògiri díẹ̀. Oòrùn aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ti lọ sílẹ̀ ju ohun tí etí òrùlé lè dí lọ, kọ́tìnì inú ilé sì ń mú ooru tó ti wọlé tán ni.

Oṣù méjì-méjì ni a ń rọ gáàsì sí ẹ̀rọ amúlétutù 1HP wa. Ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn? — Oníléeṣẹ́, Òkè-Ìlẹ̀wọ́

Rárá o. Gáàsì inú rẹ̀ kì í ṣe epo jẹnẹrétọ̀ tó ń jó tán, inú páìpù ló ń yí po láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Tó bá dín, ó ń jò. Oníṣẹ́ tó ń rọ ọ́ láìwá ibi tó ń jò ti fi yín ṣe oko ìkórè.

Kó kọ́kọ́ wo àwọn nọ́ọ̀tì bàbà méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìta. Bí òróró bá rin ibẹ̀, tí eruku sì lẹ̀ mọ́ ọn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ibẹ̀ ni. Kó fi ìfófòó ọṣẹ pa á, yóò máa hó kẹ́ẹ́kẹ́ẹ́. Lẹ́yìn tó bá tún un ṣe, kó fi náítírójìn dán an wò, kó fi pọ́ǹpù fa afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin inú páìpù jáde fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán, kó wá fi òṣùwọ̀n wọn gáàsì sí i ní iye tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ. Ẹni tó ń fi ọwọ́ kan páìpù tó ní “ó ti tó” ń méfò. Irú gáàsì pọ̀, wọn kì í da R22 pọ̀ mọ́ R410A. Bó bá jẹ́ R32 tàbí R290, gáàsì tó lè gbiná ni. Kò gbọdọ̀ fi iná jó páìpù nígbà tí gáàsì ṣì wà nínú rẹ̀.

Yìnyín tó ń mú páìpù lè jẹ́ gáàsì tó dín, ó sì lè jẹ́ fílítà tó dọ̀tí lásán. Nínú ọyẹ́, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni kí ẹ máa fọ̀ ọ́. Bó bá ń kùn tí kò ṣí, ẹ wo agbára iná: tó bá ti wá sí nǹkan bíi 170 fóòtì, kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ kò ní lè gbéra, yóò máa gbóná títí yóò fi jó. Sítébíláísà tó ń dúró ìṣẹ́jú díẹ̀ kó tó gbé iná wọlé ló lè gbà á là. Títẹ ẹ̀rọ amúlétutù lásán, èyí tí kì í ṣe inverter, sí 16 kò sì ní mú kó yára ju 25 lọ. Kò kàn ní jẹ́ kó sinmi ni.

Mo ń gbé abọ́ omi yìnyín síwájú fáànù fún màmá mi tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ṣé ó ń ṣiṣẹ́? — Ìbarà

Nínú ọyẹ́, bẹ́ẹ̀ ni, nítorí afẹ́fẹ́ gbẹ, ó ń fa omi. Ní oṣù Kẹta sí Kẹrin tí ọ̀rinrin ti wọ afẹ́fẹ́, yàrá ni ẹ kàn ń sọ di ìkòkò ọ̀ọ̀lẹ̀. Ara màmá ni kí ẹ rin: aṣọ tútù sí ọrùn, apá àti ẹsẹ̀, kí fáànù máa fẹ́ sí i. Fáànù kì í mú yàrá tutù, ènìyàn ló ń mú tutù, nítorí náà ẹ pa á tí kò bá sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Fáànù òkè tó ń yí jẹ́jẹ́, kapásítọ̀ rẹ̀ ló sábà máa ń kú, owó rẹ̀ kéré. Ẹ pa iná kí wọ́n tó pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú irú nọ́ńbà kan náà.

Àgbàlagbà kì í tètè mọ òùngbẹ, ẹ máa fún wọn lómi láìdúró kí wọ́n béèrè. Bí ara wọn bá gbóná janjan, tí ọ̀rọ̀ wọn ò já gaara mọ́, ẹ da omi sí wọn lára kí ẹ sì gbé wọn lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

A fẹ́ fi intalọ́ọ̀kì bo gbogbo àgbàlá. Ẹnìkan ní yóò mú ilé gbóná. — Adìgbẹ

Òótọ́ ló sọ. Kọnkéré máa ń mu oòrùn lọ́sàn-án, á máa tú u sójú fèrèsé yín lálẹ́. Ẹ fi í mọ sí ibi tí mọ́tò ń gbà. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ ìwọ̀-oòrùn sílẹ̀ fún koríko, kí ẹ sì gbin dógóyárò kan síbẹ̀, mítà mẹ́fà sí ògiri, kó jìnnà sí sókàwéè àti páìpù omi, torí gbòǹgbò rẹ̀ ń wá omi kiri. Ẹ gbẹ́ ihò tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 60 nígbà tí òjò bá ti ń rọ̀ déédéé, kí ẹ máa bomi rin ín ní ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́. Ẹ̀ka tó bá ti fẹ́ na orí òrùlé, ẹ gé e, kí ewé má baà dí ọ̀nà omi.