Dísìkì ẹ̀yìn: ṣé kí màmá mi ṣe iṣẹ́ abẹ ní Ifẹ̀?

Bí kò bá sí àmì ewu, ẹ má kánjú. Dísìkì (ìyẹn ohun rírọ̀ tó wà láàárín àwọn eegun ẹ̀yìn) tó yọ, tó wá ń tẹ iṣan tó lọ sẹ́sẹ̀, sábà máa ń rọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 12. Kí màmá yín lo oògùn ìrora tí dókítà bá kọ, kí wọ́n rí àwọn físíò (àwọn tó ń fi eré ìdárayá wo ara), kí wọ́n sì máa rìn díẹ̀díẹ̀. Ìdùbúlẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́ kò ṣe wọ́n lóore. (Garawa omi? Ẹ bá wọn gbé e!) Iṣẹ́ abẹ máa ń tètè lé ìrora ẹsẹ̀ lọ ju ti ẹ̀yìn lọ, àmọ́ tó bá fi máa pé ọdún kan, ẹni tó ṣe é àti ẹni tí kò ṣe é kì í sábà fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀.

Ṣùgbọ́n bí wọn kò bá lè tọ̀, tí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ ń bọ́ lára wọn láìmọ̀, tí ìdí àti ojú ara wọn kú, tàbí tí ẹsẹ̀ wọn túbọ̀ ń rọ, ẹ gbé wọn lọ sí OAUTHC (ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀) lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ òru.