Gàrí Ni Tàbí Àmàlà? Ẹ Bi Ara Yín Léèrè

Ojú ìwé ìbéèrè àti ìdáhùn nípa ìlera. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ní Àjàṣẹ́, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, tí òun náà ní àtọ̀gbẹ, ló ń dá yín lóhùn.

ÌBÉÈRÈ: Ìyá wa nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ o. Kétu ni mò ń gbé, gàrí ni mò ń tà. Ìgbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n sọ fún ọkọ mi nílé ìwòsàn pé ó ní àtọ̀gbẹ. Wọ́n fún un ní oògùn metformin, wọ́n ní kó máa ṣọ́ ẹnu. Ọmọ wa tó ń ṣiṣẹ́ ní Abẹ́òkúta ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wá fún un. Àràárọ̀ ni baba ń gún ìka, tó ń kọ nọ́ńbà sílẹ̀, ṣùgbọ́n a ò mọ ohun tí a ó fi nọ́ńbà náà ṣe. Ẹnìkan ní kó fi gàrí sílẹ̀, kó máa jẹ àmàlà. Ẹlòmíràn ní àmàlà gan-an ló burú, àfi àlìkámà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ẹ̀wà nìkan ni kó máa jẹ. Oúnjẹ wá ń ba baba lẹ́rù, ó sì ti ń rù. Láìpẹ́ yìí, ẹ̀rọ náà kọ 142. Bẹ́ẹ̀, 1,38 ni wọ́n rí nílé ìwòsàn lọ́sẹ̀ tó ṣáájú. Ẹkún ni mo bú sí. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kó jẹ nínú gàrí àti àmàlà? — Ìyá Ìbejì, Kétu.

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ nu omijé nù. 1,38 ti ilé ìwòsàn àti 142 ti ẹ̀rọ yín, ibì kan náà ni wọ́n wà. Lọ́dọ̀ wa ní Bẹ̀nẹ̀, iye gíráàmù ṣúgà tó wà nínú lítà ẹ̀jẹ̀ kan ni wọ́n ń kọ sínú ìwé fún wa. Ẹ̀rọ tí wọ́n rà ní Nàìjíríà lè máa ka mílígíráàmù tó wà nínú ìdá kan nínú mẹ́wàá lítà, èyí tí wọ́n ń kọ ní mg/dL. Ẹ pín in sí ọ̀nà 100, 142 á di 1,42. Irú kẹta tún wà tó ń ka mmol/L. Gíráàmù kan tiwa jẹ́ 5,55 lójú tirẹ̀, nítorí náà 7,9 ni ìbá kọ fún ẹ̀jẹ̀ kan náà. Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà lójú ẹ̀rọ, kí ẹ kọ ọ́ sí iwájú ìwé tí baba ń kọ nọ́ńbà sí, kí dókítà tó bá gbà á lọ́wọ́ yín má baà ṣì í kà. Ó yẹ kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́nu ibodè mọ èyí, nítorí ọ̀tún ni oògùn yín ti ń wá, òsì ni ẹ̀rọ yín ti ń wá.

Ó wá kan gàrí àti àmàlà. Mi ò ní yan ọ̀kan fún yín, kì í sì í ṣe pé mò ń sá fún ìbéèrè. Sítáàṣì ló pọ̀ jù nínú méjèèjì, ikùn á sì sọ sítáàṣì di ṣúgà. Bó ṣe máa yá tó, àti ibi tó máa ga dé, ara ọkọ yín ló lè sọ ọ́. Ẹni tó ní kó máa jẹ àlìkámà ò tíì gún ìka ọkọ yín wò. Àlìkámà pàápàá, tí wọ́n bá lọ̀ ọ́ kúnná tí wọ́n rò ó ní òkèlè ràbàtà, sítáàṣì náà ni.

Nọ́ńbà àràárọ̀ ò lè dá yín lóhùn lórí oúnjẹ. Láàárọ̀ kùtù, ohun tí ẹ̀dọ̀ fi sínú ẹ̀jẹ̀ lóru ni ẹ ń wọ̀n. Ó wúlò fún dókítà, àmọ́ kò mọ̀ bóyá ẹ̀bà ni baba jẹ lánàá tàbí iyán. Tí ẹ bá fẹ́ gbọ́ ohun tí oúnjẹ kan ṣe, ẹ gún ìka kí baba tó fọwọ́ kan abọ́. Ẹ wo aago nígbà tó bá gbé òkèlè àkọ́kọ́ sẹ́nu. Tó bá pé wákàtí méjì láti ìgbà yẹn, ẹ tún gún un. Iye tí èkejì fi ju ti àkọ́kọ́ lọ ni iṣẹ́ tí oúnjẹ náà ṣe.

Ọwọ́ ẹni tí àrùn ń bá jà ni ọgbọ́n yìí ti wá. Ní 1969, ẹnjiníà kan wà ní Amẹ́ríkà, Richard Bernstein, tí àtọ̀gbẹ ti wà lára rẹ̀ láti kékeré. Nígbà náà, dókítà àti ilé ìwòsàn nìkan ni wọ́n ń ta ẹ̀rọ ìwọ̀n ṣúgà fún, ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ jẹ́ dókítà, ó bá a rà á. Ó ń wọn ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ léraléra lóòjọ́, ó ń wo ohun tí oúnjẹ kọ̀ọ̀kan ṣe, ó sì ń fi ìyẹn tún oúnjẹ rẹ̀ tò, àti insulin tó ń gba, ìyẹn oògùn abẹ́rẹ́ tó ń já ṣúgà wálẹ̀. Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ lọ kọ́ṣẹ́ dókítà. Irú àtọ̀gbẹ tirẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí mo rò pé ó wà lára ọkọ yín, nítorí metformin ni wọ́n fún baba, kì í ṣe insulin. Síbẹ̀ ohun tó ṣe náà ni mo fẹ́ kí baba ṣe ní Kétu.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ lórí oúnjẹ tó ń jẹ jù. Ẹ fi abọ́ kan náà wọn ẹ̀bà fún un, ọbẹ̀ kan náà, ẹja kan náà, àsìkò kan náà lọ́sàn-án. Ẹ gún un ṣáájú, ẹ gún un lẹ́yìn. Lọ́jọ́ mìíràn, àmàlà tó kún abọ́ yẹn gẹ́lẹ́, kí ọbẹ̀ má yí padà. Ohun kan ṣoṣo ni ká yí lẹ́ẹ̀kan. Tí ẹ bá yí òkèlè, tí ẹ yí ọbẹ̀, tí ẹ tún yí wákàtí, nọ́ńbà á yí, ẹ ò sì ní mọ èyí tó yí i.

Ká ní ẹ̀bà gbé e láti 1,25 dé 2,10, tí àmàlà gbé e láti 1,20 dé 1,95. Ẹ má tíì lé ẹ̀bà jáde nílé. Ìlànà àgbáyé gbà fún irú ẹ̀rọ báyìí pé ó lè fi nǹkan bí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún jù tàbí kó fi dín, nítorí náà 2,10 àti 1,95 lè jẹ́ ọ̀kan náà. Ẹ tún un dán wò lọ́jọ́ mìíràn. Lẹ́yìn náà, kí ẹ ṣe èyí tí mo fẹ́ràn jù: ẹ dín òkèlè kù sí ìdajì, kí ẹ̀fọ́ gbòmà tàbí ewédú kún abọ́, kí ẹja wà níbẹ̀, kí baba sì kọ́kọ́ jẹ nínú ẹ̀fọ́ àti ẹja kó tó kan òkèlè. Tó bá jẹun tán, kó rìn díẹ̀ dé ìta, kó má lọ nà sílẹ̀. Ẹ wá gún un. Ó dá mi lójú pé ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí ìyàtọ̀ tó ṣe é dì mú. Nínú àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ mi, bí òkèlè ṣe tóbi tó ló ń pa ọ̀pọ̀ wọn lára, orúkọ yòówù kó máa jẹ́.

Èmi tí mò ń kọ̀wé yìí, ẹ̀kọ mímu láàárọ̀ máa ń gbé ṣúgà mi sókè wàràwàrà, bí mi ò tilẹ̀ fi ṣúgà sí i. Àkàrà kì í ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi. Àbúrò mi obìnrin tí òun náà ní àrùn yìí, ẹ̀kọ mímu ò ṣe é ní nǹkan púpọ̀, àtásí, ìyẹn ìrẹsì àti ẹ̀wà tí wọ́n sè pọ̀, tí wọ́n ń tà ní ìdíkọ̀ ni kì í gbà fún un. Ìyá kan, bàbá kan ló bí wa. Ìyẹn ni mo ṣe máa ń bínú tí mo bá rí ìwé “jẹ èyí, má jẹ tọ̀hún” tí wọ́n tẹ̀ fún gbogbo ayé.

Ibi tí a fẹ́ kí nọ́ńbà wà: láàárín 0,80 sí 1,30 kó tó jẹun, kó má sì ju 1,80 lọ ní wákàtí kan sí méjì lẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ. Ẹni tó ti dàgbà gan-an, tàbí tó ní àìsàn ọkàn, dókítà rẹ̀ lè fún un ní ìwọ̀n mìíràn. Ẹ ṣọ́ra fún oúnjẹ olóróró bíi dòdò. Òróró ń dá ikùn dúró, nọ́ńbà lè dára ní wákàtí méjì, kó wá gòkè ní wákàtí kẹta. Ọjọ́ tí ibà bá ń ṣe é, tàbí tí kò sùn, ẹ má fi dá oúnjẹ kankan lẹ́jọ́, nítorí àwọn nǹkan wọ̀nyí náà ń gbé ṣúgà ga.

Mo mọ̀ pé àwọn pélébé ìdánwò, tí wọ́n kọ bandelettes sí lára páálí wọn, wọ́n lówó. Ẹ bi dókítà yín bóyá ó gbà kí baba dín ti àràárọ̀ kù, kó máa fi pélébé méjì-méjì náwó lé oúnjẹ kan lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ẹni tó bá ń gba insulin ò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀, tirẹ̀ yàtọ̀. Ẹ máa dé ìgò pélébé náà pa kíákíá, ooru àti ọ̀rinrin ń bà á jẹ́, ẹ sì máa wo ọjọ́ tó máa kú. Kí baba fi ọṣẹ fọwọ́, kó nu ún gbẹ: ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bó ọ̀pẹ̀ òyìnbó tán, ṣúgà èso tó wà níka á gbé nọ́ńbà ga lásán. Ẹ̀gbẹ́ ìka ni kó máa gún, kì í ṣe orí rẹ̀ tó ń fi ṣiṣẹ́. Abẹ́rẹ́ tirẹ̀, òun nìkan ló ni ín. Ẹ má jẹ́ kí àlejò fi wo tirẹ̀, nítorí àrùn ẹ̀dọ̀ àti kòkòrò éèdì lè gba ibẹ̀ kọjá. Èyí tí ẹ bá lò tán, inú ìgò oníke tó nípọn, tó ní ìdérí, ni kó wọ̀.

Ọ̀rọ̀ rírù yẹn ń kọ mí lóminú. Ẹ̀rù oúnjẹ lè fà á lóòótọ́, àmọ́ ṣúgà tó ga náà ń mú ènìyàn rù. Ẹ mú baba padà sọ́dọ̀ dókítà lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ mú ìwé nọ́ńbà náà dání. Ẹ béèrè fún àyẹ̀wò tó ń fi bí ṣúgà ti rí láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn hàn, èyí tí wọ́n ń pè ní HbA1c. Tí baba bá jẹ́ AS tàbí SS, ẹ sọ fún wọn, nítorí ó lè da èsì náà rú. Kí baba sì máa jẹun o, Ìyá Ìbejì. Ẹ bá mi sọ fún un.

ÌBÉÈRÈ: Ìyá wa, mo sùn ní 1,20, mi ò fi nǹkan kan sẹ́nu mọ́, mo jí bá 1,55. Ṣé ẹ̀rọ mi ti bàjẹ́ ni? Glibenclamide ni wọ́n fún mi. Oko iṣu ni iṣẹ́ mi. — Baba Oníṣu, Ṣábẹ̀ẹ́.

ÌDÁHÙN: Ẹ̀rọ yín ò bàjẹ́, Baba. Bí ilẹ̀ bá ti fẹ́ mọ́, ara ń tú àwọn omi ìsúnniṣe kan jáde láti jí wa, wọn a ní kí ẹ̀dọ̀ tú ṣúgà sílẹ̀. Ara tí kò ní àtọ̀gbẹ á fi insulin tirẹ̀ ká a mọ́lẹ̀, tiwa ò lè ṣe tó bẹ́ẹ̀. Ẹ má torí rẹ̀ fi oúnjẹ alẹ́ sílẹ̀. Tó bá ń rí bẹ́ẹ̀ lemọ́lemọ́, dókítà ló lè yí oògùn tàbí àsìkò rẹ̀ padà.

Oko yẹn ló ká mi lára jù. Glibenclamide lè já ṣúgà yín wálẹ̀ jù, pàápàá tí ẹ bá ń kọ ebè lójú oòrùn láìjẹun. Ẹ má lọ sóko láìmú ẹ̀rọ àti hóró ṣúgà onígun dání. Tí ọwọ́ bá ń gbọ̀n, tí òógùn tútù bò yín, tí ojú ń ṣú, ẹ gún ìka. Bí nọ́ńbà bá wà lábẹ́ 0,70, ẹ jẹ hóró ṣúgà mẹ́ta, ìyẹn nǹkan bí gíráàmù 15. Ẹ jókòó fún ìṣẹ́jú 15, ẹ tún gún un. Tí kò bá tíì gòkè, ẹ jẹ mẹ́ta sí i. Tó bá ti gòkè, ẹ wá jẹ iṣu tàbí búrẹ́dì. Ẹ̀pà ò lè ṣiṣẹ́ yẹn, òróró inú rẹ̀ ń fà á sẹ́yìn. Tí ẹ̀rọ ò bá sí nítòsí, ẹ jẹ ṣúgà náà, ẹ má dúró. Kí ẹ sì kọ́ àwọn tí ẹ jọ ń ṣoko: tí wọ́n bá bá yín tí ẹ ti dákú, kí wọ́n má fi ohunkóhun sí yín lẹ́nu, kí wọ́n gbé yín lọ sílé ìwòsàn kíá.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé gígún ìka nínú ààwẹ̀ Rámàdánì kò ní já ààwẹ̀ mi? — Alájà kan, Àjàṣẹ́.

ÌDÁHÙN: Kò ní já a, Alájà. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn ló gbà bẹ́ẹ̀, àwọn dókítà sì fẹ́ kí ẹ máa gún un. Ẹ lọ rí dókítà yín ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, kó sọ bóyá ara yín lè gbà á, kó sì sọ bí ẹ ó ṣe lo oògùn. Tí wọ́n bá gbà fún yín, ẹ gún un ṣáájú sààrì, ní ọ̀sán, kí ẹ tó ṣínu, àti wákàtí méjì lẹ́yìn ìṣínu. Bí ó bá wá sábẹ́ 0,70 tàbí tó ju 3,00 lọ, ẹ já ààwẹ̀ náà lójú ẹsẹ̀, kódà kó ku ìṣẹ́jú díẹ̀ kí oòrùn wọ̀. Ti ìṣínu ni mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí jù, torí lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rí nọ́ńbà tó ga jù lọ lóṣù yẹn: dàbínù kan tàbí méjì àti omi tó, kí ẹ kírun, kí ẹ tó wá jókòó ti oúnjẹ.