Ọkọ̀ mi ń kú lójú eré: kí ni kí n ṣe, kí ló sì ń pa á?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Ọkọ̀ ọ́tò ni mò ń wà. Tí mo bá ti wà á tó bíi 40 ìṣẹ́jú, ẹ́ńjìnnì á ṣàdédé kú lójú eré, sítíárìn àti bírékì á sì le. Tí mo bá dúró fún bíi 20 ìṣẹ́jú, á tún sítáàtì bíi pé kò ṣe é rí. Mẹkáníìkì ti pààrọ̀ pulọ́ọ̀gì àti bátìrì, kò yí padà. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni kí n ṣe tó bá tún kú?

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti ẹ̀mí yín. Ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú ṣì ní bírékì, ó sì ṣì ń yà. Ohun tó lọ ni ìrànlọ́wọ́ tí ẹ́ńjìnnì ń ṣe fún un. Ní ọ̀kánkán ẹsẹ̀ bírékì, lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, agolo dúdú ràgàjì kan wà tí ẹ́ńjìnnì máa ń fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀. Fífà yẹn ló ń bá ẹsẹ̀ yín ti bírékì. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, èyí tó ṣẹ́kù nínú agolo náà kò ju títẹ̀ 2 tàbí 3 lọ. Nítorí náà, ẹ má ṣe tẹ bírékì kí ẹ gbẹ́sẹ̀, kí ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ má gbẹ́sẹ̀, kí ẹ máa fi agbára kún un díẹ̀díẹ̀. Tó bá ti le bí òkúta, ẹ fi ẹsẹ̀ méjèèjì tì í mọ́lẹ̀. Ọkọ̀ á dúró.

Ẹ dán an wò nílé, kó má jẹ́ pé títì lẹ ti máa kọ́kọ́ mọ bó ṣe ń rí. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ tẹ bírékì ní ìgbà 4 tàbí 5 títí á fi le. Ẹ fi ẹsẹ̀ síbẹ̀, kí ẹ wá sítáàtì: ẹsẹ̀ yín á rì wọlẹ̀ díẹ̀. Líle tó ti le kó tó rì yẹn gan-an lẹ máa bá lójú ọ̀nà. Tí kò bá rì rárá, agolo náà tàbí họ́ọ̀sì rẹ̀ ti bàjẹ́.

Tó bá wá kú lójú eré, ẹ tan hásáàdì, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì di sítíárìn mú, kí ẹ fi eré tó ṣẹ́kù lára ọkọ̀ yà sí ẹ̀gbẹ́ títì. Ẹ má yọ kọ́kọ́rọ́! Bí kọ́kọ́rọ́ bá padà dé ìparí rẹ̀, sítíárìn lè tì pa, kò sì ní yà mọ́. Tí àyè bá wà níwájú yín, ẹ gbé jíà sí N kí ẹ sítáàtì, torí kò ní sítáàtì ní D, ẹ kò sì gbọdọ̀ gbé e sí P nígbà tí táyà ṣì ń yí. Ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì tó. Ojú ọ̀nà ni kí ojú yín wà. Tí ẹ bá máa lo bírékì ọwọ́, ẹ rọra fà á, torí bí táyà ẹ̀yìn bá dúró lójijì, ọkọ̀ lè fì.

Tí ọkọ̀ bá ti dúró, ẹ gba ẹ̀gbẹ́ tí ọkọ̀ kì í gbà bọ́ sílẹ̀, kí ẹ jìnnà sí títì. Ẹ má dúró sẹ́yìn ọkọ̀ yín.

Ní ti ohun tó ń pa á, ìgbà tí ọkọ̀ ń kú ló ń sọ àìsàn rẹ̀. Pulọ́ọ̀gì mẹ́rin kì í kú pọ̀ ní ìṣẹ́jú kan. Èyí tó bàjẹ́ á kàn mú kí ẹ́ńjìnnì máa gbọ̀n. Èyí tó ń kú tó bá gbóná, tó ń jí tó bá tutù, sẹ́ńsọ̀ kíráńkì ni mo kọ́kọ́ máa ń fura sí, lẹ́yìn náà pọ́ǹpù epo. Sẹ́ńsọ̀ yìí ló ń ka yíyí ẹ́ńjìnnì fún ọpọlọ ọkọ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà rẹ̀. Bí ooru bá já wáyà tín-ín-rín inú rẹ̀, ọpọlọ ọkọ̀ á rò pé ẹ́ńjìnnì ti dúró, á sì gé epo àti iná. Tó bá tutù, wáyà náà á tún fara kanra.

Nígbà tó bá tún kú, tí ẹ ti wà ní ẹ̀gbẹ́ títì, ẹ sítáàtì kí ẹ wo ọwọ́ RPM, èyí tó ń fi bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yára yí hàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ṣùgbọ́n tí ọwọ́ náà sùn sórí 0 láìmira, ọ̀rọ̀ sẹ́ńsọ̀ ló jọ. Tó bá ń mira, ẹ pa rédíò àti fáànù, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ sí ON láìsítáàtì, kí ẹ tẹ́tí sí ẹ̀yìn ọkọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ẹ máa gbọ́ pọ́ǹpù tó ń kùn fún bíi ìṣẹ́jú àáyá 2. Tí kò bá kùn, ẹ wo fíùsì àti rilé rẹ̀ (súwíìṣì kékeré tó ń gbé iná fún un). Tí wọ́n bá dára, kí ẹnì kan fi ìkúùkù gbá ìsàlẹ̀ táǹkì bí ẹ ṣe ń sítáàtì. Tó bá dáná, pọ́ǹpù ti gbó. Epo ló ń mú kí pọ́ǹpù tutù, ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí epo máa lọ sílẹ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́rin táǹkì.

Tó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ bá fẹ́ dúró ló ń kú, ìdọ̀tí inú tọ́tù bọ́dì, ẹnu ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì, ni kí wọ́n kọ́kọ́ fọ̀. Tó bá jẹ́ inú kòtò, ẹ wo orí bátìrì bóyá ó tú. Tí iná dáṣíbọ́ọ̀dù bá kọ́kọ́ ń ṣú, ẹ wọn iná bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́; ó yẹ kó wà láàrin 13.5 sí 14.5 V.

Kí mẹkáníìkì fi ẹ̀rọ ka kóòdù àìsàn tí ọpọlọ ọkọ̀ fi pamọ́ kí ó tó ra ohunkóhun. P0335 ń tọ́ka sí sẹ́ńsọ̀ kíráńkì tàbí wáyà rẹ̀, àmọ́ bí kóòdù kò bá sí, ìyẹn kò dá sẹ́ńsọ̀ láre. Ọkọ̀ tó ti tutù kò ní fi àìsàn yìí hàn án, nítorí náà ẹ fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́ lórí ìdúró títí á fi gbóná tó sì kú lójú rẹ̀. Títí dìgbà náà, ẹ má gbé e lọ sí ọ̀nà eré.