Ìbéèrè Yín: Lẹ́tà 30, Kò Sí Èsì

Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú físíìsì lọ́dún tó kọjá, Akọka ni mò ń gbé. Mo ti kọ lẹ́tà sí ọ̀jọ̀gbọ́n 30 ní Yúróòpù pé mò ń wá iṣẹ́ postdoc, ìyẹn iṣẹ́ ìwádìí fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn oyè ọ̀mọ̀wé. Kò sí ẹyọ ẹnì kan tó fèsì. Kí ni mi ò ṣe dáadáa?

Ìdáhùn: Ẹ kú oríire oyè tuntun. Ó jọ pé lẹ́tà kan náà lẹ fi ránṣẹ́ sí gbogbo wọn. “Dear Professor” tí kò lórúkọ, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n ń pa á rẹ́. Ẹ mú ẹni 5 péré. Ẹ ka iṣẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ jáde, kí ẹ wá kọ gbólóhùn bíi mẹ́fà: ohun tí ìwádìí yín fi hàn, ibi tó ti kan tiwọn, àti owó tí ẹ máa bá wá. Owó yìí gan-an ni kókó. Ọ̀pọ̀ wọn ò lówó àfikún tí wọ́n lè fi gbà yín, àmọ́ tí ẹ bá ní ọwọ́ Humboldt, àjọ kan ní Jámánì tó ń fún àwọn olùwádìí lówó láti wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀, lẹ ti fẹ́ tọrọ owó, ìwé pé àwọn máa gbà yín lálejò ni àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó wà ní Jámánì máa kọ. Ìgbàkigbà lọ́dún ni Humboldt ń gba ìwé, oṣù 6 sí 24 ló ń san owó fún, ṣùgbọ́n oyè yín ò gbọdọ̀ tíì ju ọdún 4 lọ. Nítorí náà, ẹ má fi falẹ̀.

CV yín, ojú ewé 2 ti tó, ní PDF. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kúrò níbẹ̀! Àwọn tó máa jẹ́rìí yín ńkọ́? Ẹ ti sọ fún wọn ní oṣù kan ṣáájú. Ẹ̀rí tó pẹ́ ló máa ń dá ìwé dúró jù.